Arán, Ìdíkàn àti Géètì Bódìjà

Lọ́dún 1992, àwọn oníwàádìí láti Yunifásítì Ìbàdàn àti Yunifásítì Indiana ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ilé dé ilé ní Ìdíkàn, àdúgbò kan ní Ìbàdàn. Àrùn tí wọ́n ń wá kì í ṣe àjèjì sí Yorùbá, nítorí ó ti pẹ́ tí a ti ń sọ pé àgbà kan ń ṣarán. Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Ọ̀ṣuntókun wà nídìí iṣẹ́ náà títí ó fi kú ní 1995. Adéṣọlá Ògúnníyì àti Hugh Hendrie wà lára àwọn tó bá a lọ. Èsì tí wọ́n gbé jáde ní 2001 ya ayé lẹ́nu. Nínú ẹgbẹ̀rún àgbà Ìdíkàn tó ti pé ẹni ọdún 65 sókè, nǹkan bí 13 sí 14 ni arán ń bá lọ́dọọdún. Láàárín aláwọ̀ dúdú Indianapolis, iye náà tó 32.

Oúnjẹ àti ẹ̀jẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn yára tọ́ka sí gẹ́gẹ́ bí ìdí ìyàtọ̀ yìí. Èmi kò jiyàn, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí a wo agbo ilé Ìdíkàn pẹ̀lú. Kò sẹ́ni tó ń retí kí ìyá àgbà ẹni ọgọ́rin ọdún nínú agbo ilé máa dáná tàbí máa ṣírò owó. Ọmọ-ọmọ ló ń ṣe é. Bí kò bá sí iṣẹ́ lọ́wọ́ ìyá àgbà náà, níbo ni a ó ti mọ̀ pé iṣẹ́ ti ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀? Bó bá ṣìnà, ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i mọ ilé tó ti wá. Ẹnìkan lè ní èyí túmọ̀ sí pé agbo ilé kàn bo àrùn mọ́lẹ̀ ni. Rárá o: dókítà tún yẹ àwọn tí wọ́n fura sí wò, kò sì dà bí ẹni pé ìfipamọ́ nìkan ló fa àlàfo tó wà láàárín ìlú méjèèjì. Àtakò tó wúwo jù ni ti àjẹ́. Ojú púpọ̀ tó ń ṣọ́ arúgbó náà ló ń fẹ̀sùn àjẹ́ kan obìnrin tó ń sọ̀sọkúsọ lóru. Òótọ́ ni, ìdí sì nìyí tí n kò fi pe ètò yẹn ní ìfẹ́. Ètò ilé ni, pẹ̀lú ọ̀pọ̀ ènìyàn nínú rẹ̀.

Ètò mìíràn ni ti Bódìjà, ní Ìbàdàn kan náà. Ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà dá àjọ tó ń kọ́lé sílẹ̀ ní 1958, ẹ́sìtéètì náà sì wà lára iṣẹ́ àkọ́kọ́ rẹ̀: ilé fún òṣìṣẹ́, ìyàwó àti ọmọ, kì í ṣe fún ẹbí rẹpẹtẹ. Ògiri àti géètì ló gbòde níbẹ̀ báyìí. Mégádì lè dá ìyá arúgbó dúró kó má jáde, àmọ́ kò mọ ẹni tí yóò pè bó bá ti jáde. Ní àdúgbò Agbowó ẹ̀wẹ̀, ayálégbé àti akẹ́kọ̀ọ́ ń wá, wọ́n ń lọ, ìyá tó bí onílé sì di àjèjì nínú ilé ọmọ rẹ̀. A lè ní ilé ìwòsàn ńlá UCH kò jìnnà, àti pé ibùdó ìtọ́jú àwọn àgbà ti wà níbẹ̀ láti 2012. Ó wúlò gan-an, ṣùgbọ́n dókítà kì í bá ènìyàn gbélé. Àwọn oníwàádìí Ìdíkàn pàápàá kò fi ìbéèrè mọ sọ́dọ̀ àgbà nìkan. Wọ́n ní láti bi ará ilé tó mọ̀ ọ́n dáadáa bóyá ó ti yàtọ̀ sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ní ilé kan ní Bódìjà tí àwọn ọmọ wà ní London àti Houston, ọmọ ọ̀dọ̀ tó dé ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni wọn yóò bi.