Ooru tí kò rí ọ̀nà jáde: Ewu ìgbà ooru fún ara ènìyàn àti fún ẹ̀rọ amómigbóná orí òrùlé

Ẹni tó bá ní táńkì omi dúdú lókè ilé ní ilẹ̀ Yorùbá mọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ láàrin oṣù kejì sí oṣù kẹrin ọdún, nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú gan-an. Bí ó bá di nǹkan bí aago méjì ọ̀sán, tí ènìyàn ṣí ẹ̀rọ omi láti fọ ọwọ́, omi tó máa kọ́kọ́ dà jáde á gbóná débi pé onítọ̀hún á yára fa ọwọ́ sẹ́yìn. Kò sí ẹni tó dáná sí omi náà, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ọwọ́ iná mànàmáná nínú rẹ̀. Oòrùn nìkan ló ṣe é.

Ohun tó jẹ́ ìyọnu fún onílé níbí yìí ni àwọn kan ti sọ di iṣẹ́ ọwọ́ lókè òkun láti ohun tó lé ní àádóje ọdún sẹ́yìn. Ní ọdún 1891, Clarence Kemp tó ń gbé ní ìlú Baltimore, ní ìpínlẹ̀ Maryland, gba ìwé àṣẹ ìjọba Amẹ́ríkà lórí ẹ̀rọ kan tó sọ ní Climax. Ohun tó wà nínú rẹ̀ kò ju táńkì dúdú tí a tò sínú àpótí onígíláàsì lọ. Nígbà tó di ọdún 1909, William J. Bailey ní California ya ibi tí omi ti ń gbóná sọ́tọ̀ kúrò lára táńkì tí omi gbígbóná ń wà, ó sì wé táńkì náà dáadáa kí omi má baà tutù mọ́jú. Ìlànà Bailey yìí ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ amómigbóná olóòrùn ṣì ń tẹ̀ lé títí dòní.

Ẹ̀rọ náà ti tàn kálẹ̀ láti ìgbà náà. Ní ọdún 1980, orílẹ̀-èdè Israel ṣe òfin pé kí wọ́n máa fi í sí ilé tuntun. Láti ọdún 2010, ìpínlẹ̀ Hawaii ní Amẹ́ríkà náà ń béèrè fún un lára ọ̀pọ̀ ilé tuntun tí ìdílé kan ń gbé. Ní Brazil, níbi tí àwọn ènìyàn ti sábà máa ń fi iná mànàmáná mú omi ìwẹ̀ gbóná, àìtó iná ọdún 2001 tí ìjọba fi ń ṣòdiwọ̀n iná fún aráàlú jẹ́ kí ọ̀pọ̀ onílé gbé ojú sókè wo oòrùn.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé irú ilé bẹ́ẹ̀, ó sì kan àwọn òbí wọn nílé pẹ̀lú. Kì í ṣe ohun tuntun mọ́ pé ìyá á wọ ọkọ̀ òfurufú lọ bá ọmọ rẹ̀ tọ́jú ìkókó, tí yóò sì bá ìgbà ooru pàdé níbẹ̀, láàrin oṣù kẹfà sí oṣù kẹjọ. Nǹkan méjì ni ìgbà yìí máa ń bá jà nínú ilé: ara ènìyàn, àti ẹ̀rọ tó wà lórí òrùlé. Ohun kan náà ló sì ń ṣe àwọn méjèèjì, èyí ni ooru tó wọlé tí kò rí ọ̀nà jáde.

BÍ Ẹ̀RỌ NÁÀ ṢE Ń ṢIṢẸ́

Pátákó dúdú tí a fi gíláàsì bò ni wọ́n máa ń gbé sórí òrùlé kí ó kọjú sí oòrùn. Páìpù bàbà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ló wà nínú rẹ̀, omi sì ń gba inú wọn kọjá. Omi tó bá gbóná máa ń fúyẹ́ ju omi tútù lọ, nítorí náà á gòkè wọ inú táńkì tí wọ́n gbé sókè pátákó, omi tútù ìsàlẹ̀ táńkì á sì sọ̀ kalẹ̀ wá rọ́pò rẹ̀. Kò nílò ẹ̀rọ ìfami kankan.

Àwọn mìíràn gbé táńkì sínú ilé. Irú èyí nílò ẹ̀rọ ìfami kékeré àti ohun tó ń wọn ooru, tí yóò máa tan ẹ̀rọ ìfami náà nígbà tí pátákó òkè bá gbóná ju táńkì lọ. Oríṣi kẹta ni èyí tó ń lo ọ̀pá gíláàsì oníhò dípò pátákó. Gíláàsì méjì ló wà lára ọ̀pá kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ti fa afẹ́fẹ́ àárín wọn jáde, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ṣe fúláàsì tí a ń bu omi tíì sí. Ooru tó bá wọ inú rẹ̀ kì í tètè jáde.

ÌDÍ TÍ ÌGBÀ OORU FI Ń BA Ẹ̀RỌ JẸ́

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bí oòrùn bá ṣe ń mú tó ni ẹ̀rọ yìí á ṣe máa dára tó. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àṣejù ni baba àṣetẹ́. Nígbà òtútù tí gbogbo ilé ń wá omi gbígbóná, oòrùn kì í lágbára. Nígbà ooru tí oòrùn lágbára, omi tútù ni gbogbo ènìyàn ń wá. Bí ìdílé bá wá rìnrìn àjò ìsinmi fún ọ̀sẹ̀ méjì, kò sẹ́ni tí yóò bu omi náà lò, bẹ́ẹ̀ oòrùn kò ní torí pé onílé kò sí nílé kó má ràn.

Bí omi kò bá kọjá nínú pátákó mọ́, ooru inú rẹ̀ lè ju 150°C lọ. Ti ọ̀pá gíláàsì lè kọjá 200°C. Omi tó ń gbóná a máa fẹ̀ sí i, agbára tó fi ń ti ara táńkì á sì máa pọ̀ sí i. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń ṣe fáàfù sára táńkì, ìyẹn ẹnu ọ̀nà kékeré tó máa ń ṣí fúnra rẹ̀ láti tú omi àti ooru jáde. Ní Amẹ́ríkà, nígbà tí omi bá sún mọ́ 99°C ni irú fáàfù bẹ́ẹ̀ sábà máa ń ṣí.

Níbí ni àṣìṣe tó léwu jù ti ń wáyé. Onílé á rí i pé omi ń kán láti ara fáàfù, á sì ní kí wọ́n dí i. Ẹni tó bá dí fáàfù yìí ti sọ táńkì di ìkòkò tí a dé pa lórí iná, ó sì lè bú gbàmù. Bí ó bá ń kán lemọ́lemọ́, púlọ́ńbà tó mọ iṣẹ́ ni kí ẹ pè kí ó wá ìdí rẹ̀.

ÀWỌN ÀÌSÀN MÌÍRÀN TÍ Ẹ̀RỌ MÁA Ń NÍ

Omi tí kì í dì: Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1913, òtútù tí wọn kò rí irú rẹ̀ rí bọ́ sí gúúsù California, omi dì nínú páìpù ẹ̀rọ àwọn oníbàárà Bailey, páìpù sì bẹ́. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń fi èròjà tí kì í jẹ́ kí omi dì sínú páìpù òkè ní àwọn ibi olótùútù. Èyí tó wọ́pọ̀ lónìí ni glycol. Ṣùgbọ́n ohun tó ń gbà á lọ́wọ́ òtútù kò gbà á lọ́wọ́ ooru. Bí ooru bá pọ̀ jù fún ìgbà pípẹ́, glycol á bàjẹ́, á pọ́n bí omi tíì, á kan, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ irin. Ó yẹ kí wọ́n máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọọdún.

Ẹ̀pá inú páìpù: Níbi tí omi ilẹ̀ ti ní èròjà òkúta púpọ̀, ohun funfun bí ẹfun máa ń lẹ̀ mọ́ inú páìpù àti ìdí táńkì. Bí omi bá ṣe ń gbóná sí i ni yóò ṣe máa lẹ̀ sí i. Ó yẹ kí wọ́n máa ṣan ìdí táńkì dànù látìgbàdégbà.

Ọ̀pá tó ń kú dípò táńkì: Nínú ọ̀pọ̀ táńkì onírin, ọ̀pá kan wà tí wọ́n fi magnesium tàbí alumíníọ̀mù ṣe. Ìpata tí ì bá jẹ táńkì, ọ̀pá yìí ni yóò jẹ. Bí ọ̀pá bá tán tí wọn kò pààrọ̀ rẹ̀, táńkì ló kàn.

Omi tó ń tutù lóru: Bí omi bá gbóná lálẹ́ tó sì tutù kí ilẹ̀ tó mọ́, ó lè jẹ́ pé ohun tó ń wọn ooru ti bàjẹ́, tí ẹ̀rọ ìfami fi ń gbé omi gbígbóná lọ sórí òrùlé lóru. Ẹ fi ọwọ́ kan páìpù tó lọ sókè lẹ́yìn tí oòrùn ti wọ̀ fún wákàtí bíi mẹ́ta. Bí ó bá ṣì gbóná, àbùkù wà níbẹ̀.

Owó iná tí kò dínkù: Ọ̀pọ̀ táńkì ló ní iná mànàmáná tí ń ràn án lọ́wọ́ nígbà tí oòrùn kò bá tó. Bí pátákó òkè bá ti kú, iná á máa ṣe iṣẹ́ rẹ̀ láìsọ̀rọ̀, onílé kò sì ní mọ̀. Ẹ pa iná náà fún ọjọ́ kan nígbà tí oòrùn mú. Bí omi kò bá gbóná, ẹ ti mọ ibi tí owó yín ń gbà lọ. Ẹ má gbàgbé láti tan iná náà padà bí oòrùn bá dínkù, nítorí kòkòrò àrùn Legionella, tó ń fa àìsàn ẹ̀dọ̀fóró, fẹ́ràn omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tó wà láàrin 25°C sí 45°C. Inú táńkì gbọ́dọ̀ máa dé 60°C kí kòkòrò náà lè kú.

Ìrìn àjò: Kí ẹ tó lọ fún ọjọ́ púpọ̀, ẹ ní kí wọ́n fi aṣọ tó nípọn bo pátákó òkè. Àwọn ẹ̀rọ ìgbàlódé kan ní bọ́tìnì ìsinmi tí yóò máa tú ooru jáde lóru. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ da omi tútù sí gíláàsì tó ti gbóná, nítorí ó lè fọ́.

OMI ÌWẸ̀ ÌKÓKÓ

Ìyá tó bá ti wẹ ọmọ méje nílé mọ omi tó gbóná àti èyí tó lọ́wọ́ọ́wọ́. Ṣùgbọ́n omi tó fi iná sè fúnra rẹ̀ ló mọ̀. Nínú ilé tó ń lo oòrùn, omi inú táńkì lè jẹ́ 50°C lówùúrọ̀ kí ó sì kọjá 80°C nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà. Ẹ̀rọ omi tí ìyá ṣí lánàá tí kò ṣe é ní nǹkan kan lè bó ọmọ lára lónìí.

Omi 60°C lè bó àgbàlagbà lára láàrin ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún. Awọ ìkókó kò lè gba tó bẹ́ẹ̀. Omi 49°C nìkan ló ń fún ènìyàn ní àkókò láti kúrò níbẹ̀. Fún ìdí èyí, ó yẹ kí fáàfù kan wà láàrin táńkì àti ilé ìwẹ̀ tí yóò máa po omi tútù mọ́ omi gbígbóná kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń wẹ̀. Bí kò bá sí irú rẹ̀ nínú ilé, ọmọ tó gba ìyá rẹ̀ lálejò gbọ́dọ̀ sọ fún un lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Omi tútù ni kí wọ́n kọ́kọ́ bù sínú báàfù, kí wọ́n tó fi gbígbóná sí i, kí wọ́n sì fi ìgúnpá tọ́ ọ wò. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gbé ọmọ sí abẹ́ ẹnu ẹ̀rọ omi.

ARA NÁÀ NÍ FÁÀFÙ TIRẸ̀

Òógùn ni fáàfù ara ènìyàn. Bí òógùn bá ṣe ń gbẹ lára ni ooru ń bá a lọ. Ṣùgbọ́n bí afẹ́fẹ́ bá kún fún ọ̀rinrin, òógùn kò ní gbẹ, ooru á sì há sínú ara. Bí ooru inú ara bá ti kúrò ní 37°C tó dé 40°C, ọpọlọ àti kíndìnrín wà nínú ewu.

Ní oṣù keje ọdún 1995, ooru pa ènìyàn tó lé ní 700 ní ìlú Chicago láàrin ọjọ́ díẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ arúgbó tó ń dá gbé, àwọn kan sì ti fèrèsé wọn pa nítorí ìbẹ̀rù olè. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2003, àwọn tó kú ní ilẹ̀ Faransé tó nǹkan bí 15,000. Ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù keje ọdún 2022, ooru dé 40.3°C ní Coningsby ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí kò ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ rí.

Àwọn kan nínú wa á ní, “Ṣé oòrùn ni wọn yóò fi dẹ́rù bà wá, àwa tí a bí sínú ooru?” Ilé ni wọn kò rò. Ilé tiwa ní fèrèsé tó kọjú síra, ó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí a lè tẹ́ ẹní sí. Ọ̀pọ̀ ilé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n kọ́ kí ooru má baà jáde nígbà òtútù, bẹ́ẹ̀ náà ni kì í jáde nígbà ooru.

Lọ́sàn-án, ẹ fa aṣọ fèrèsé tí oòrùn ń wọ̀. Bí alẹ́ bá lẹ́ tí ìta tutù ju inú ilé lọ, ẹ ṣí fèrèsé ìhà méjèèjì kí atẹ́gùn lè kọjá. Ẹ máa mu omi kí òùngbẹ tó gbẹ yín. Ẹ fi aṣọ tútù sí ọrùn àti abíyá. Bí ooru ìta bá ti kọjá 40°C, fáànù lásán kò tó mọ́, ooru ni yóò máa fẹ́ sí yín lára. Ẹ wé páìpù omi gbígbóná tó gba inú ilé kọjá, nítorí òun náà ń da ooru sínú yàrá. Ẹ má fi ọmọ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tí a ti ilẹ̀kùn rẹ̀, bó ti wù kí ó kéré mọ. Ẹ sì máa kan ilẹ̀kùn àgbàlagbà tó ń dá gbé lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́.

Bí ẹnìkan bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìsọkúsọ, tí ara rẹ̀ ń jó bí iná, tàbí tó dákú, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìsinmi mọ́. Ẹ pe 911 ní Amẹ́ríkà, 999 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tàbí 192 ní Brazil. Kí àwọn olùtọ́jú tó dé, ẹ gbé e sí abẹ́ ibòòji, ẹ bọ́ aṣọ tó pọ̀ lára rẹ̀, ẹ da omi tútù sí i lára, kí ẹ sì máa fẹ́ ẹ. Ẹ má rọ omi sí ẹni tó dákú lẹ́nu.

Yorùbá ní omi kò lọ́tàá. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n omi tó há mọ́ inú táńkì lábẹ́ oòrùn ọ̀sán lè di ọ̀tá ìkókó, bí òógùn tí kò gbẹ ṣe lè di ọ̀tá àgbà. Kí onílé tó jáde láàárọ̀ ọjọ́ ooru, ó yẹ kí ó wo ọ̀nà méjèèjì: èyí tí ooru ń gbà jáde lára táńkì, àti èyí tó ń gbà jáde nínú yàrá tí ìyá àti ọmọ sùn sí.