Iná Oòrùn ní Ẹkùn Sahel

Iná oòrùn ni iná mànàmáná tí à ń rí nígbà tí ìmọ́lẹ̀ oòrùn bá bọ́ sórí pánẹ́ẹ̀lì tí a fi sílíkọ́nì ṣe. Ẹkùn Sahel, ìyẹn ilẹ̀ gbígbẹ tó wà ní gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà, wà lára àwọn ibi tí wọ́n ti tètè lò ó fún iṣẹ́ àwọn ará abúlé. Ìtàn rẹ̀ níbẹ̀ fi hàn pé oòrùn kì í gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó ń sọ ọ́ di iná ń fẹ́ owó, ìmọ̀ àti ìtọ́jú.

Ọdún 1839 ni Edmond Becquerel, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ṣàkíyèsí pé ìmọ́lẹ̀ lè mú iná mànàmáná jáde. Ó di ọdún 1954 kí Daryl Chapin, Calvin Fuller àti Gerald Pearson tó ṣe sẹ́ẹ̀lì sílíkọ́nì tó wúlò ní ilé ìwádìí Bell ní Amẹ́ríkà. Nǹkan bí ìdá mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún agbára ìmọ́lẹ̀ ni ó ń sọ di iná. Irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ ní ìpele méjì: fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì díẹ̀ wà nínú ọ̀kan, bórọ́ọ̀nì díẹ̀ sì wà nínú èkejì. Bí ìmọ́lẹ̀ bá kàn án, ó ń tú àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù sílẹ̀. Ibi tí ìpele méjèèjì ti pàdé ń darí wọn sí apá kan, wọ́n sì ń gba inú wáyà kọjá gẹ́gẹ́ bí iná. Agbára sẹ́ẹ̀lì kan kéré, nítorí náà ni a fi ń so ọ̀pọ̀ pọ̀ di pánẹ́ẹ̀lì. Kò sí ohun tó ń yí nínú rẹ̀, kò sì jó epo kankan. Ìmọ́lẹ̀ ni ó ń lò, kì í ṣe ooru. Ooru tó pọ̀jù a máa dín agbára rẹ̀ kù, bẹ́ẹ̀ náà ni eruku ìgbà ọyẹ́.

Nítorí ọ̀wọ́n rẹ̀, inú sátẹ́láìtì ni wọ́n ti kọ́kọ́ lo sẹ́ẹ̀lì yìí jù. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1968, wọ́n fi í ṣiṣẹ́ fún tẹlifíṣọ̀n ilé-ẹ̀kọ́ ní orílẹ̀-èdè Nìjẹ̀r, níbi tí wáyà iná ìjọba kò dé. Ní Niamey, olú-ìlú orílẹ̀-èdè náà, ni ilé-iṣẹ́ ONERSOL wà, níbi tí Abdou Moumouni, onímọ̀ físíìsì ọmọ Nìjẹ̀r, ti ṣe olùdarí. Ooru oòrùn ni wọ́n lò jù níbẹ̀, pàápàá láti fi gbóná omi. Yunifásítì Niamey ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ lónìí.

Ọ̀dá ńlá tó jà ní Sahel láàárín ọdún 1970 sí 1979 ni ó sọ omi di ọ̀rọ̀ ikú àti ìyè. Ní Màlì, àlùfáà Kátólíìkì kan, Bernard Verspieren, ń gbẹ́ kànga fún àwọn abúlé lábẹ́ ètò Mali Aqua Viva. Ẹ̀rọ tí a ń fi ọwọ́ fà ń tètè bàjẹ́, epo dísù sì ṣòro láti gbé dé abúlé. Ní ọdún 1977, wọ́n gbé ẹ̀rọ omi tó ń lo oòrùn kalẹ̀ ní Nabasso. Iṣẹ́ omi bá oòrùn mu gidigidi: ìgbà tí oòrùn bá mú jù ni omi ń jáde jù, a sì lè tọ́jú rẹ̀ sínú táńkì di alẹ́, láìsí bátìrì. Ètò náà kọ́ àwọn tí yóò máa tún ẹ̀rọ ṣe, ó sì ní kí ará abúlé dá owó sí i.

Ní oṣù kẹta ọdún 1979, ọ̀rọ̀ kan ọlọ àti odó. Ní Tangaye, ní ilẹ̀ tó ń jẹ́ Upper Volta nígbà náà, tó di Bùrkínà Fasò lẹ́yìn náà, NASA gbé pánẹ́ẹ̀lì kalẹ̀ pẹ̀lú owó ìjọba Amẹ́ríkà. Agbára rẹ̀ jẹ́ kílówáàtì 1.8, èyí tí kò ju ohun tí kẹ́tù oníná kan ń lò lọ. Síbẹ̀ ó ń fa omi, ó sì ń lọ ọkà. Wọ́n fẹ́ mọ ohun tí yóò yí padà bí àwọn obìnrin bá bọ́ lọ́wọ́ gígún ọkà àti pípọn omi ojoojúmọ́. Ní ọdún 1981, wọ́n sọ agbára náà di kílówáàtì 3.6.

Láti nǹkan bí ọdún 1990, àjọ CILSS, tí àwọn orílẹ̀-èdè Sahel dá sílẹ̀ ní ọdún 1973 láti gbógun ti ọ̀dá, gba owó lọ́wọ́ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù, ó sì gbé ẹ̀rọ omi tó ju 600 lọ kalẹ̀. Àwọn tó ń pọn omi ń sanwó rẹ̀, kí owó ìtúnṣe má baà wọ́n wọn.

Nígbà tí owó pánẹ́ẹ̀lì wálẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ kúrò ní ti abúlé nìkan. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2017, wọ́n ṣí ibùdó Zagtouli lẹ́bàá Ouagadougou, tó ní mẹ́gáwáàtì 33, tó sì ń fi iná sínú wáyà ìlú. Síbẹ̀, ohun tí àwọn abúlé ti kọ́kọ́ rí kò yí padà: ẹ̀rọ tó ní olùtọ́jú ni ó ń pẹ́. Èyí tí wọ́n fi sílẹ̀ láìsí alátùn-únṣe àti owó ìtúnṣe ń dákẹ́, bí oòrùn tilẹ̀ ń ràn lé e lórí.