Eèsún

Eèsún ni koríko gíga tó ń hù létí odò àti gọ́tà ńlá. Igi rẹ̀ ní oríkèé bí ìrèké, etí ewé rẹ̀ sì lè géni lọ́wọ́. Lójú ọ̀pọ̀ ará Ìfàkò-Ìjàyè l'Ékòó, èpò orí ilẹ̀ tí wọn ò tíì kọ́lé sí ni. Ṣùgbọ́n oúnjẹ màlúù gidi ni.

Àwọn onímọ̀ ti mú un bá jéró lò pọ̀; lára ọmọ tí wọ́n bí ni Pakchong 1 ti ilẹ̀ Thailand. Àgàn lọmọ náà. Kírómósóòmù jéró jẹ́ 14, ti eèsún 28, tọmọ wá di 21, kò ṣe é pín sí méjì dọ́gba. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé igi rẹ̀ ni wọ́n ń gé gbìn, èyí tó ní oríkèé méjì tàbí mẹ́ta.

Ilé-iṣẹ́ WAMCO, tó ń ṣe mílíìkì Peak ní Ọgbà l'Ékòó, ń ra wàrà lọ́wọ́ àwọn Fúlàní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn kì í bojú wẹ̀yìn: koríko gbẹ, wàrà dínkù. Nítorí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ gbin eèsún fún màlúù, ẹ gé e tó bá pé ọ̀sẹ̀ 6 sí 8. Tó bá ti gbó, igi lásán ni.