Páìpù Tí Imí-ọjọ́ Jẹ Ní Richmond

Ní ọ̀sán ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ ọdún 2012, epo bẹ̀rẹ̀ sí í jò lára páìpù kan ní iléeṣẹ́ ìfọpo Chevron ní Richmond, ìpínlẹ̀ California. Wọn ò pa ẹ̀rọ. Àwọn panápaná ń tú ìbòrí tó ń pa ooru mọ́ páìpù náà lára kí wọ́n lè rí ojú ibi tó ti ń jò. Nígbà tó kọjá aago mẹ́fà ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́, páìpù bẹ́, ìkùukùu epo sì bo òṣìṣẹ́ 19. Àwọn 18 ti sá jáde kí iná tó sọ. Ẹnì kan tó kù, panápaná tó wà nínú ọkọ̀ wọn, la iná kọjá, ó sì yè. Kò sẹ́ni tó kú, ṣùgbọ́n nǹkan bí 15,000 ará àdúgbò ló wá ìtọ́jú lọ.

Kì í ṣe omi àti afẹ́fẹ́ ló jẹ irin yẹn bí a ṣe mọ ìpẹtà sí. Imí-ọjọ́ inú epo rọ̀bì ni. Bí epo bá ti gbóná kọjá nǹkan bí 230°C, imí-ọjọ́ á máa bá irin dàpọ̀, ara irin á di èépá, á sì máa fẹ́lẹ́ díẹ̀díẹ̀. Epo inú páìpù yìí gbóná tó nǹkan bí 338°C.

Ẹni tó bá ti kọ́ nípa mẹ́táàlì mọ̀ pé oríṣi nǹkan méjì ló so pọ̀ nínú irin oníkábọ́ọ̀nù: ferrite tó rọ̀ àti cementite tó le. (Èmi náà rò pé ìdáhùn ìdánwò ti parí síbẹ̀.) Ní Richmond, sílíkọ̀n, tí kò ju kíún lọ, ló pinnu ọ̀rọ̀. Irin tí sílíkọ̀n rẹ̀ kò bá tó 0.10% ni imí-ọjọ́ ń yára jẹ. Ọdún 1976 ni wọ́n to páìpù náà, ìlànà irú irin tí wọ́n lò kò sì béèrè iye sílíkọ̀n kankan. Abala tó bẹ́, tó gùn ní ínǹṣì 52, kò ní ju 0.01% lọ. Lójú, òun àti àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ jọra bí ìbejì. Ibi tí páìpù ti ṣẹ́ kọ́nà ni wọ́n ti ń wọn ìnípọn rẹ̀, sílíkọ̀n sì pọ̀ níbẹ̀, nítorí náà àkọsílẹ̀ wọn ń sọ pé ara le. Abala yẹn ní tiẹ̀ ti pàdánù nǹkan bí 90% ìnípọn rẹ̀.

Wọn ò sì lè sọ pé àwọn ò mọ̀. Àwọn ẹnjiníà iléeṣẹ́ náà ti dámọ̀ràn ṣáájú pé kí wọ́n yẹ gbogbo abala irú páìpù bẹ́ẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ti ẹ̀rọ pa fún àtúnṣe ní 2011, wọn ò pààrọ̀ rẹ̀. Ọdún 2017 ni òfin ààbò tuntun fún àwọn iléeṣẹ́ ìfọpo tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní California.