Ohun Tó Ṣe É Tú: Ọ̀dà Agbabu, Ìda, àti Dídi Ohun Ìṣẹ̀ǹbáyé Ẹlẹgẹ́ Mú

Ohun tó lẹ̀ jù lọ kọ́ ló yẹ kí a fi di ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ẹlẹgẹ́ mú sórí pẹpẹ. Agbabu ni mo fẹ́ fi ṣe ẹ̀rí. Ní ìlú yìí, ní ìjọba ìbílẹ̀ Odígbó, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ọ̀dà (bitumen) ń sun jáde nínú ilẹ̀ fúnra rẹ̀. Nítorí irú rẹ̀ ni iléeṣẹ́ Nigerian Bitumen Corporation ṣe gbẹ́lẹ̀ kiri ẹkùn náà láti 1908, títí Ogun Àgbáyé Kìíní fi dá a dúró ní 1914. Ọ̀dà ń lẹ̀, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n oòrùn ọ̀sán a máa mú un rọ̀, a wọ gbogbo ihò tóóró tó bá rí, àbàwọ́n rẹ̀ kì í sì í ṣí bọ̀rọ̀.

Ẹ wá wo àwọn ère amọ̀ tí awalẹ̀pìtàn Ekpo Eyo hú jáde ní Igbó'Lájà, Ọ̀wọ̀, lọ́dún 1971, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó kan náà. Amọ̀ sísun tí kò ní dídán ni wọ́n. Epo a máa rí ọ̀nà wọ inú irú amọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí a bá fi ọ̀dà lẹ irú wọn mọ́ gíláàsì, àbàwọ́n dé nìyẹn. Bó bá sì jẹ́ súpà gúlúù ni, lọ́jọ́ tí a bá fẹ́ gbé e kúrò, amọ̀ ni yóò ya, gúlúù kò ní ya.

Ìda yàtọ̀. Àwọn asúdẹ Ifẹ̀ ti mọ̀ ọ́n tipẹ́: wọ́n fi ìda mọ ère, wọ́n fi amọ̀ bò ó, wọ́n fi iná yọ́ ìda náà dànù, idẹ yíyọ́ sì gba àyè rẹ̀. Èyí tí àwọn mùsíọ́mù ń lò lónìí ni ìda microcrystalline, tí a ń rí nínú fífọ epo rọ̀bì (ìbátan ọ̀dà Agbabu ni, bí ìwà wọn kò tilẹ̀ jọra). Wọ́n á fi ọwọ́ pò ó títí yóò fi rọ̀, wọ́n á fi díẹ̀ díẹ̀ sí ibi mẹ́ta nísàlẹ̀ ohun náà, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, wọ́n á sì yí i díẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ tú u, wọ́n á yí i jẹ́jẹ́, tàbí kí wọ́n fa òwú tẹ́ẹ́rẹ́ gba abẹ́ rẹ̀.

Ẹnìkan lè ní kò sí ìdí láti di nǹkan mú báyìí, torí ilẹ̀ tiwa kì í mì bíi ti California, níbi tí ìmìtìtì ilẹ̀ ti wọ́pọ̀. Ó mì ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà ní 1984. Tírélà tó ń gba Ọ̀rẹ̀ lọ sí Benin kò sì dúró de ilẹ̀ mímì kí ó tó gbọn pẹpẹ ẹ̀bá ọ̀nà.

Àtakò tó lágbára jù ni ti ooru. Ìda oyin a máa yọ́ ní nǹkan bí 62 sí 64°C, ṣùgbọ́n yóò ti máa rọ̀ kó tó débẹ̀, inú àpótí gíláàsì tí oòrùn ń bá sì máa ń gbóná ju ìta lọ. Mo gbà. Ìdí nìyẹn tí ìda kò fi gbọ́dọ̀ ru ẹrù: ère wúwo ń fẹ́ àmúdúró irin, ohun fífúyẹ́ ni ìda wà fún, kó má baà yẹ̀ ṣubú. Epo inú ìda pẹ̀lú lè ta sára amọ̀ aláìdán, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ fi Paraloid B-72, irú fáníìṣì kan tí ásétóònù lè fọ̀ kúrò, kun ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣètò àfihàn, ní Ọ̀wọ̀, ní Ifẹ̀, tàbí ní Agbabu bí ìtàn ọ̀dà bá ní mùsíọ́mù tirẹ̀ lọ́jọ́ kan: ẹ bu ọ̀dà sínú àwo kí aráyé wò ó, kí ẹ sì fi ìda di àwo náà mú.