Rọ́kẹ́ẹ̀tì Tí Ó Lọ, Tí Ó Sì Bọ̀

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, àti ẹ̀yin òbí tí ẹ máa ń ka ìwé ìròyìn yìí sétí àwọn ọmọ nílé, ìtàn tí mo gbé wá lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ti ayé àtijọ́. Ìṣojú wa ló ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀. Ìtàn bí ọmọ ènìyàn ṣe kọ́ rọ́kẹ́ẹ̀tì láti padà wálé ni, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tó jẹ́ pé àlọ rẹ̀ nìkan ni à ń rí, tí a kì í rí àbọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ń wí pé kí ló kan olùkọ́ ilé kéwú nínú ọ̀rọ̀ rọ́kẹ́ẹ̀tì, èsì mi kò gùn. Àwa tí à ń gbójú sókè wá oṣù ní ìparí Ṣàbánì, kò yẹ kí ohun tó ń lọ lójú sánmà ṣe àjèjì sí wa.

Láti ìgbà tí ìjọba Sófíẹ́tì ti fi Sputnik ránṣẹ́ sókè ní ọjọ́ 4 oṣù kẹwàá ọdún 1957, àṣà kan náà ni gbogbo orílẹ̀-èdè ń tẹ̀ lé. Wọn yóò kan rọ́kẹ́ẹ̀tì, wọn yóò rọ epo kún inú rẹ̀, yóò gbéra. Bí epo abala ìsàlẹ̀ bá ti tán, abala náà yóò já bọ́ sínú òkun tàbí sínú aginjù, ó parí náà nìyẹn. Saturn V tí ó gbé àwọn ará Amẹ́ríkà lọ sí òṣùpá ga tó nǹkan bí mítà 110. Nínú gbogbo gíga yìí, àgọ́ kékeré tí àwọn mẹ́ta jókòó sí, tí kò ga tó mítà mẹ́rin, nìkan ló ń padà wálé.

Kì í ṣe pé àwọn onímọ̀ wọ̀nyẹn kò mọ iyì owó. Kí nǹkan tó lè máa yí ayé ká láìjábọ́, ó gbọ́dọ̀ máa sáré tó nǹkan bí kìlómítà 28,000 ní wákàtí kan. Epo tí yóò fún un ní irú eré bẹ́ẹ̀ ló kó èyí tó pọ̀ jù nínú ìwọ̀n rọ́kẹ́ẹ̀tì. Bí a bá tún ní kí ó pa epo díẹ̀ mọ́ fún àbọ̀, kí ó sì gbé ẹsẹ̀ tí yóò fi dúró dání, ẹrù tí ó lè gbé yóò dín kù. Ẹni tó bá ti lọ sí Mẹ́kà rí mọ ohun tí mò ń sọ: kílò tí wọ́n fún ọ kò ní pọ̀ sí i nítorí pé ẹrù tí o fẹ́ gbé bọ̀ pọ̀.

Amẹ́ríkà ló kọ́kọ́ gbìyànjú àtúnlò lọ́nà tó hàn sí gbogbo ayé. Ọjọ́ 12 oṣù kẹrin ọdún 1981 ni ọkọ̀ Columbia, àkọ́kọ́ nínú àwọn tí wọ́n pè ní Space Shuttle, gbéra, lẹ́yìn ọjọ́ méjì ó sì balẹ̀ bí ọkọ̀ òfurufú. Rọ́kẹ́ẹ̀tì funfun méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ a máa fi páráṣúùtì bọ́ sínú òkun Àtìláńtíìkì, ọkọ̀ ojú omi a sì lọ wọ́ wọn wálé. Irú ọkọ̀ yìí ló gbé Ọmọba Sultan bin Salman ti Saudi Arabia ní oṣù kẹfà ọdún 1985. Òun ni Mùsùlùmí àkọ́kọ́ àti Lárúbáwá àkọ́kọ́ tó dé ojú òfurufú, nínú ìrìn àjò náà ni wọ́n sì ti tú sátẹ́láìtì Arabsat-1B sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n àtúnlò yẹn kò dín ìnáwó kù bí wọ́n ti rò. Wọ́n ní lọ́kàn tẹ́lẹ̀ pé ọkọ̀ náà yóò máa gbéra léraléra láàárín ọdún; ọdún 1985 tí ó ṣe dáadáa jù lọ, ìgbà mẹ́sàn-án péré ló gbéra. Ó ju 20,000 àwo pẹlẹbẹ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀ nítorí iná, wọ́n sì ní láti yẹ̀ wọ́n wò lẹ́yìn gbogbo ìrìn àjò. Ó tún gba ẹ̀mí. Ènìyàn méje kú nínú Challenger ní ọjọ́ 28 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1986, méje mìíràn kú nínú Columbia ní ọjọ́ 1 oṣù kejì ọdún 2003. Lẹ́yìn ìgbéra 135, wọ́n pa á tì ní ọdún 2011. Lójú tèmi, ẹ̀kọ́ ńlá ni Shuttle jẹ́ fún àwọn tó tẹ̀ lé e: ohun tí à ń tún lò, tó jẹ́ pé àtúnṣe rẹ̀ ń gba owó bí ìgbà tí a kan tuntun, a kò tíì máa tún un lò ní ti òtítọ́.

Àárín àkókò yẹn náà ni àwọn kan ń gbìyànjú kí rọ́kẹ́ẹ̀tì máa fi ìdí ara rẹ̀ balẹ̀. Ilé iṣẹ́ McDonnell Douglas kan ọ̀kan tí ó rí ṣóńṣó, DC-X lorúkọ rẹ̀. Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹjọ ọdún 1993, ní aginjù White Sands ní ìpínlẹ̀ New Mexico, ó dìde, ó dúró lókè, ó sún sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì rọra balẹ̀ lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Pete Conrad, tí ó ti rìn lórí òṣùpá rí, wà lára àwọn tó ń darí rẹ̀. Ní ọdún 1996, ọ̀kan nínú ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kọ̀ láti là nígbà tí ó ń balẹ̀. Ó ṣubú, ó gbiná. Kò sí owó láti kan òmíràn. Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló dá iṣẹ́ náà dúró.

Ọdún 2002 ni Elon Musk, ọmọ tí wọ́n bí sí South Africa, dá SpaceX sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Rọ́kẹ́ẹ̀tì wọn tí a mọ̀ jù, Falcon 9, kọ́kọ́ gbéra ní ọdún 2010. Ó ga tó mítà 70, ẹ́ńjìnnì mẹ́sàn-án ló sì wà ní ìdí rẹ̀. Ní ọjọ́ 10 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2015, wọ́n ní kí abala ìsàlẹ̀ rẹ̀ padà wá balẹ̀ sórí bájì kan láàárín òkun, bájì tí kò sí ènìyàn kankan lórí rẹ̀. Ó rí bájì náà, ṣùgbọ́n òróró tó ń yí ìyẹ́ rẹ̀ ti tán lójú ọ̀nà. Ó fi ara gbá a, ó fọ́. Ní oṣù kẹrin ó tún balẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró, ó ṣubú lulẹ̀. Ní oṣù kẹfà, rọ́kẹ́ẹ̀tì náà tú ká lókè kó tó dé ibì kankan. Kí ó tó di òpin ọdún, ilé iṣẹ́ Blue Origin ti Jeff Bezos ṣáájú wọn: ní ọjọ́ 23 oṣù kọkànlá, New Shepard lọ sókè tààrà ní Texas, ó sì padà balẹ̀ ní ìdúró. Ó yẹ kí a yìn ín, àmọ́ kí a má ṣe dà á pọ̀. Èyí tó kàn lọ sókè tó sì bọ̀, eré rẹ̀ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó ń ti ẹrù síwájú láti máa yí ayé ká.

Ọjọ́ Àtìní, ọjọ́ 21 oṣù kejìlá ọdún 2015, ni ohun tí gbogbo wọn ń wá ṣẹlẹ̀ ní Cape Canaveral ní Florida. Aago mẹ́jọ ààbọ̀ alẹ́ ku ìṣẹ́jú kan ni níbẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, ó ti di aago méjì ààbọ̀ òru, àkókò tí ẹni tó ń kírun òru wà lórí ìdúró. Sátẹ́láìtì 11 ni Falcon 9 gbé. Nígbà tó fi máa di bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, abala ìsàlẹ̀ ti padà dúró lórí ilẹ̀ gbalasa, èéfín ń rú lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ sì ń pariwo ayọ̀ bí ẹni tí wọ́n bí ọmọ fún.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí ó ṣe ń lọ, nítorí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ni yóò gbádùn wíwò rẹ̀. Bí ìṣẹ́jú méjì ààbọ̀ lẹ́yìn ìgbéra, abala méjèèjì yóò pínyà. Ti òkè yóò máa gbé ẹrù lọ. Ti ìsàlẹ̀ yóò yí ìdí padà, yóò tan ẹ́ńjìnnì mélòó kan láti fi darí sílé. Ìyẹ́ mẹ́rin tó rí bí asẹ́ yóò là ní òkè rẹ̀, àwọn ni yóò máa fi tọ́ ara rẹ̀ nínú afẹ́fẹ́. Bí ó bá ń wọ ibi tí afẹ́fẹ́ ti ki, yóò tún tanná láti dín eré kù. Ní ìgbẹ̀yìn, ẹ́ńjìnnì àárín yóò tan, ẹsẹ̀ mẹ́rin yóò là ní ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ kó tó kanlẹ̀. Ohun tó ń yà mí lẹ́nu jù nìyí: nígbà tí epo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, rọ́kẹ́ẹ̀tì ti fúyẹ́ débi pé ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo, bí wọ́n tilẹ̀ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ tán, ṣì lágbára jù ú lọ. Kò lè dúró lókè kí ó máa wo ilẹ̀. Eré rẹ̀ gbọ́dọ̀ di òdo gẹ́lẹ́ ní ibi tí ẹsẹ̀ ti kan ilẹ̀. Bí ó bá yá jù, yóò tún máa gòkè. Bí ó bá pẹ́ jù, ó ti fọ́.

Àwọn tó ń gbé ní Titusville àti Cocoa Beach a máa gbé àga lọ sí etí omi láti wò ó. Wọ́n á ti rí i pé ó ti balẹ̀ kí ariwo rẹ̀ tó dé, bí àrá tó sán léraléra. Àwa tí à ń wò ó lórí fóònù kì í gbọ́ irú àrá bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n a ní ìpayà tiwa. Bí ó bá jẹ́ orí bájì ló ń balẹ̀, gbígbọ̀n rẹ̀ a máa já àwòrán lẹ́nu ibi tó dùn jù, a ó wá máa wo ojú fóònù tó dákẹ́ títí àwòrán yóò fi padà dé. Ọmọ ilé kéwú mi kan rí i nígbà àkọ́kọ́, ó ní, "Alfa, ṣé wọn kò yí fíìmù náà padà sẹ́yìn ni?" N kò bá a wí. Bí ó ṣe rí lójú gan-an nìyẹn.

Ọjọ́ Jímọ̀, ọjọ́ 8 oṣù kẹrin ọdún 2016, ni wọ́n rí èyí tó balẹ̀ sórí bájì láàárín òkun tó sì dúró. Ọjọ́ 30 oṣù kẹta ọdún 2017 ni wọ́n kọ́kọ́ lo abala tó ti fò rí fún ìrìn àjò kejì. Ìgbà yẹn ni mo tó gbà pé ọ̀rọ̀ náà ti yàtọ̀ sí ti Shuttle. Ní ọjọ́ 6 oṣù kejì ọdún 2018, méjì balẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí ìbejì. Ẹ̀kẹta wọn bọ́ sómi. Ní ọdún 2024 nìkan, Falcon 9 gbéra ju ìgbà 130 lọ, abala ìsàlẹ̀ kan sì wà nínú wọn tó ti fò ju ìgbà 30 lọ. Àwo Starlink tí ẹ ń rí lórí òrùlé ní ìlú wa láti ọdún 2023, irú àwọn abala àlòtúnlò bẹ́ẹ̀ ló ń gbé àwọn sátẹ́láìtì rẹ̀ lọ sókè.

Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹwàá ọdún 2024, wọ́n ṣe èyí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ ní Texas. Abala ìsàlẹ̀ Starship, tó ga tó mítà 71 tó sì ní ẹ́ńjìnnì 33, kò ní ẹsẹ̀ kankan. Ilé gogoro tó ti gbéra ló fi apá irin méjì gbá a mú. Ọ̀sán Àìkú ni lọ́dọ̀ wa. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ìyìn bo àléébù mọ́lẹ̀. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025, wọ́n tún mú abala ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀, àmọ́ abala òkè tú ká, àfọ́kù rẹ̀ sì já sí àwọn erékùṣù Turks and Caicos, níbi tí àwọn ènìyàn ń gbé. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ náà lẹ́tọ̀ọ́ sí ìfọ̀kànbalẹ̀. Blue Origin náà kò jókòó: ní ọjọ́ 13 oṣù kọkànlá ọdún 2025, abala ìsàlẹ̀ New Glenn wọn balẹ̀ sórí ọkọ̀ ojú omi.

Òbí kan sọ fún mi pé eré àwọn olówó Amẹ́ríkà ni gbogbo rẹ̀, kò kàn wá. Mo ní kí ó gbọ́ ti ọjọ́ 3 oṣù kẹfà ọdún 2017. Oṣù Ààwẹ̀ ni, a ti kí àṣámù tán nígbà tí Falcon 9 kan gbéra ní Florida ní nǹkan bí aago mẹ́wàá alẹ́ wa. Nínú ẹrù tó ń gbé lọ sí ibùdó òfurufú ni NigeriaEduSat-1 wà, àpótí kékeré tí ìbú rẹ̀ kò ju sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá lọ, ti Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ Ìjọba Àpapọ̀ ní Àkúrẹ́, tí àwọn ọmọ wa bá wọn kàn ní Japan. Abala ìsàlẹ̀ tó gbé e padà balẹ̀ láyọ̀, ó sì tún gbé ẹrù mìíràn ní oṣù kejìlá ọdún náà. Sátẹ́láìtì Àkúrẹ́ ti parí iṣẹ́ rẹ̀, ó ti jóná nínú afẹ́fẹ́. Abala tó gbé e lọ wà níbẹ̀ títí di òní, wọ́n tẹ́ ẹ sí òde Space Center ní ìlú Houston, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá kò ti ṣe kékeré, ẹni tó bá sì lọ lè rìn gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, kí ó wo dúdú èéfín tó ṣì wà lára rẹ̀.