Ibùjẹ Ẹran tí a Gbẹ́ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì

Bí ọdún Kérésìmesì bá dé, kò sí ohun tí ó máa ń dùn mọ́ àwọn ọmọ wẹẹrẹ ìlú wa nínú tó kí bàbá àti ìyá kó wọn lọ sí ilé ìsìn Àgùdà láti wo ibùjẹ ẹran. Kì í ṣe ọmọ Àgùdà nìkan ni ó ń lọ. Ọmọ àwọn ìjọ mìíràn a máa lọ, ọmọ Ìmàle pàápàá a sì máa tẹ̀lé ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, nítorí pé aṣọ tuntun wà lára, ìrẹsì wà nínú ikùn, kò sì sí ẹni tí í béèrè ìwé ìrìbọmi lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tí ó jẹ́ pé ìlú wa kò jìnnà sí Ọ̀yẹ́-Èkìtì, a rò pé ó yẹ kí ìwé ẹgbẹ́ wa ti ọdún yìí sọ ibi tí àṣà náà ti ṣẹ̀, àti bí ọwọ́ àwọn agbẹ́gilére ilẹ̀ wa ṣe kàn án.

Láti ayébáyé ni àwọn onígbàgbọ́ ti ń ya àwòrán ìbí Olúwa sára ògiri. Ṣùgbọ́n ẹni tí ìtàn ń fi ìyìn fún pé ó gbé ibùjẹ ẹran kalẹ̀ kí tọmọdé tàgbà lè fi ojú rí i ni Francis Mímọ́ ti ìlú Assisi. Ní ọdún 1223, ní ìlú kékeré kan tí ń jẹ́ Greccio ní ilẹ̀ Ítálì, ó ní kí a kó koríko gbígbẹ wá, kí a sì fa màlúù kan àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kan wá pẹ̀lú. Àwọn ará àdúgbò gbé àbẹ́là àti òtùfù lọ́wọ́ lóru, a ṣe Máàsì níbẹ̀, Francis tí ó jẹ́ díákónì sì kọ ọ̀rọ̀ Ìhìnrere lórin, ó sì wàásù. Ẹran alààyè ni wọ́n lò. Ó tó ọdún mélòó kan lẹ́yìn èyí, nígbà tí ọ̀rúndún náà ń parí lọ, kí Arnolfo di Cambio tó fi òkúta gbẹ́ ère ìbí náà fún ilé ìsìn Santa Maria Maggiore ní Róòmù.

Ẹni tí ó bá ṣí Bíbélì rẹ̀ dáadáa yóò rí i pé Lúùkù kò dárúkọ màlúù tàbí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ níbi tí ó ti sọ ìtàn ìbí náà. Inú ìwé Àìsáyà, orí kìíní, ẹsẹ kẹta, ni àwọn bàbá ìjọ ti mú wọn. Mátíù pẹ̀lú kò pe àwọn amòye ní ọba, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ pé mẹ́ta ni wọ́n. Ọrẹ mẹ́ta tí wọ́n mú wá ni àwọn ènìyàn kà. Ó dára kí a mọ èyí, kí á má baà máa bá ara wa jà lórí ohun tí àwọn baba ńlá Yúróòpù náà fi ọwọ́ ara wọn kún un.

Ní Èkó, àwọn tí ó kọ́kọ́ jẹ́ Àgùdà láàárín wa ni àwọn tí ó ti oko ẹrú Bràsíìlì padà dé. Kí fadà kankan tó wá fi ibẹ̀ ṣe ibùgbé ní ọdún 1868, Pa Antonio, ẹni tí òun náà ti ṣe ẹrú rí, ni ó ń kó wọn jọ láti gbàdúrà. Nígbà tí àwọn fadà dé, ère ẹfun aláwọ̀ mèremère láti òkè òkun ni wọ́n kó wá. Bíbélì ti pé lédè Yorùbá láti ọdún 1884, etí wa sì ti ń gbọ́ ìtàn náà ní èdè ìyá wa, ṣùgbọ́n ojú wa kò tíì rí i bẹ́ẹ̀. Ọmọdé tí a gbé sókè kí ó lè ríran dáadáa yóò wo Jósẹ́fù, yóò sì rò pé ìbátan ajẹ́lẹ̀ ni.

Ní ọdún 1947 ni Fadà Kevin Carroll àti Fadà Sean O'Mahony, ti ẹgbẹ́ àwọn fadà tí a ń pè ní SMA, dá ilé iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì. Fadà Patrick Kelly, olórí wọn ní Ireland, ni ó fi iṣẹ́ náà rán wọn. Wọn kò wá ẹni tí ó kọ́ iṣẹ́ ọnà ní ilé ìwé òyìnbó. Àwọn tí ó jogún iṣẹ́ náà lọ́dọ̀ baba ni wọ́n pè: George Bándélé, ọmọ Àreògún ti Òsì-Ìlọrin, ẹni tí òkìkí rẹ̀ kàn gan-an nínú igi gbígbẹ́, lẹ́yìn náà Làmídì Fákẹ́yẹ láti Ìlá-Ọ̀ràngún, tí ó wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Bándélé. Àwọn ahunṣọ wà níbẹ̀, àwọn onílẹ̀kẹ̀ wà níbẹ̀, àwọn oníṣẹ́ awọ náà sì wà níbẹ̀.

Bí Bándélé ṣe ń gbẹ́ igi fún ààfin ni ó ṣe gbẹ́ ti ibùjẹ ẹran. Fadà Carroll fara balẹ̀ kọ ìpele iṣẹ́ náà sílẹ̀ bí àwọn agbẹ́gilére ti ń pè é: ọnà lílé ni àkọ́kọ́, níbi tí orí, ara àti ẹsẹ̀ ti ń yọ jáde láti inú ìtì igi, àlétúnlé tẹ̀lé e, dídán ló kàn, fífín ni ìkẹyìn, nígbà tí ọ̀bẹ bá ń gé ìlà ojú àti irun. Orí ère tóbi ju ti ènìyàn lọ, nítorí pé orí ni olúwa ara lójú àwọn baba wa. Àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà Òsì àti Èkìtì ti ń gbẹ́ obìnrin tí ó kúnlẹ̀ tí ó gbé igbá lọ́wọ́ kí ìgbàgbọ́ tó dé, wọ́n sì ti ń gbé ẹlẹ́ṣin sórí ère Ẹpa. Nítorí náà, nígbà tí a ní kí Bándélé gbẹ́ ẹni tí ó gbé ọrẹ wá fún ọmọ tuntun, kò ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ wá ẹni tí yóò kọ́ ọ bí a ti ń kúnlẹ̀. Màríà di ìyá ọlọ́mọ ilẹ̀ wa. Àwọn amòye di ọba Yorùbá, wọ́n sì dé adé.

Àwọn kan fárígá. Nínú àwọn fadà òyìnbó àti nínú àwọn onígbàgbọ́ wa bákan náà, wọ́n ní ọwọ́ tí ń gbẹ́ ère òrìṣà kò yẹ kí ó gbẹ́ ti Olúwa. A kò fẹ́ fi àwọn àgbà náà ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí pé púpọ̀ nínú wọn jìyà kí wọ́n tó kúrò nídìí òrìṣà, ẹ̀rù sì bà wọ́n pé ohun tí wọ́n jù síta lè gba ẹnu ọ̀nà mìíràn wọlé. Fadà Carroll dá wọn lóhùn pé ọ̀pọ̀ nínú iṣẹ́ àwọn agbẹ́gilére kì í ṣe ohun tí a ń bọ; òpó ààfin àti ilẹ̀kùn ilé ọlọ́lá ni. Lójú tiwa, òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Kò tilẹ̀ sí ẹni tí ó béèrè irú ìgbàgbọ́ tí àwọn tí ó ṣe ère ẹfun òkè òkun ní.

Ilé iṣẹ́ náà kò pẹ́. Ní ọdún 1954 ni a tì í, ọdún náà gan-an ni Àreògún kú. Ṣùgbọ́n Fadà Carroll kò kọ àwọn agbẹ́gilére sílẹ̀ títí ó fi kú ní 1993. Fákẹ́yẹ, tí ó jẹ́ Mùsùlùmí, gbẹ́ ilẹ̀kùn ilé ìsìn àwọn Àgùdà ní Yunifásítì Ìbàdàn, ó kọ́ni ní Yunifásítì Ifẹ̀, ó sì papò dà ní ọjọ́ Kérésìmesì ọdún 2009.

Díẹ̀ nínú iṣẹ́ Ọ̀yẹ́ wà nínú àkójọ àwọn fadà SMA lókè òkun, níbi tí a ti ń nu eruku ara wọn. Ohun tí ó ń kó ìdààmú bá wa ni èyí tí ó kù nílé. Nínú yàrá ẹ̀yìn ilé ìsìn ni irú ère bẹ́ẹ̀ máa ń wà, láàárín àga tí ó ti ṣẹ́, tí ikán ń wò ó, tí a sì ń fi owó ìjọ ra ère oníke lọ́jà nítorí pé tọ̀hún ń dán. A bẹ àwọn alàgbà ìjọ gbogbo ní ìlú wa pé kí wọ́n ṣí àwọn yàrá wọ̀nyẹn wò kí Kérésìmesì tí ń bọ̀ tó dé. Ẹni tí ó bá rí ère onígi, kí ó má kùn ún ní ọ̀dà, kí ó má sì fún àlejò kankan. Kí ó fi tó akọ̀wé ẹgbẹ́ wa létí, kí àwọn ọmọ wa lè rí i nígbà tí a bá kó wọn lọ.